Sí Ràmátù, Nípa Ọkọ̀ Oníbátìrì Tí Kò Dé Bantè

Bantè,
Ìparí oṣù kẹjọ, 1996.

Ràmátù ọmọ mi, Àjọkẹ́ tèmi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọjà. Awakọ̀ tó mú un wá láti Kútọnu kò tilẹ̀ jókòó mu omi, ó ní èrò ń dúró de òun. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, inú mi dùn, nítorí o ní o ti ríṣẹ́ ní Gàbọ́ọ̀nù, ní iléeṣẹ́ àwọn tó ń la pákó, pé ìwọ ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ iná wọn. Lẹ́ẹ̀kejì, mo rí i pé o kò ní wá sílé kí o tó lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó fara balẹ̀ ka ibi tí o ti ní o ti di ìwé ìṣirò ọkọ̀ náà sínú àpò, pé o fẹ́ dáná sun ún, nítorí ẹni tí kò mọ ìṣirò kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Ibẹ̀ ni mo ti yọ dígí lójú, tí mo pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, tí mo wá bírò.

O mọ̀ pé èmi kì í kọ lẹ́tà gígùn. Ìṣà, èdè ìlú wa, là ń sọ nílé, kíláàsì àgbà ni mo ti kọ́ Yorùbá tí mò ń kọ yìí, ọwọ́ mi sì mọ abẹ́rẹ́ ju bírò lọ. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ fún mi lónìí. Ọ̀rọ̀ tí mo ní pọ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì wúwo. Ẹ̀yìn ni mo máa fi ìyẹn sí, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ọ́, nítorí n kò rò pé mo yìn ọ́ tó nígbà tó yẹ. Ìyá a máa bẹ̀rù pé bí òun bá yin ọmọ jù, ojú ayé á wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n mo rí ọ. Mo rí ọ nígbà tí o tú rédíò mi palẹ̀ lórí ẹní, tí mo nà ọ́, tí o ń sunkún tí o sì ń tò ó padà, títí ó fi sọ̀rọ̀. Mo rí ọ nígbà tí ó jẹ́ pé ìwọ nìkan ni obìnrin nínú kíláàsì iná mànàmáná ní Kútọnu, tí wọ́n ń pè ọ́ ní "màdámù" láti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, tí orúkọ náà sì di orúkọ ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò jáde.

Mo sì rí ọ lọ́jọ́ tí mo wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, ìwọ àti Benuà ọmọ tíṣà ará Savalou. Ẹ ti ra ọkọ̀ àlòkù kan tí kò ní ẹ́ńjìnì mọ́, ẹ ti fi mọ́tò iná sí i, ẹ sì to bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù sínú rẹ̀. Ọkùnrin kan wọlé, ó ní òun fẹ́ rí ọ̀gá ibẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì nìkan ló yọ lábẹ́ ọkọ̀. O ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan." Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ náà, ó wo èmi, kò mọ èyí tí òun ì bá kí. Mo ń rántí rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín títí mo fi dé Bantè.

Ọjọ́ yẹn náà lẹ gbé mi lọ sí etí òkun. Mo jókòó, mò ń retí kí ọkọ̀ kọ́kọ́ dún kó tó gbéra, àfi ìgbà tí mo rí i tí igi àgbọn ń padà sẹ́yìn. Mo ké Bísímílà. N kò tíì jókòó nínú ohun tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá mú aṣọ wá pé ọmọ mi ti ṣe ọkọ̀ tí kì í mu epo, tí kì í pariwo, tí kì í rú èéfín. Òtítọ́ ni mo sọ nígbà náà, òtítọ́ náà ni lónìí.

Jẹ́ kí n wá sọ ọjọ́ tí ẹ ń gbé e bọ̀ wálé, bí àwa tó dúró nílé ṣe mọ̀ ọ́n. Bátìrì rẹ̀ kò lè gbé e láti Kútọnu dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ láìfi pa mọ́. Ẹ gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù dé Savalou, ẹ fi iná ilé bàbá Benuà ṣáàjì bátìrì náà, nítorí Bantè kò ní iná. Láti Savalou dé Bantè ni yóò ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Alájì oníṣòwò tó ṣèlérí pé òun yóò kọ́ ilé iṣẹ́ fún yín ń bọ̀ lẹ́yìn yín nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ti dé, ilé iṣẹ́ ti di tiyín nìyẹn. Bàbá rẹ wọ agbádá tí mo rán fún wọn nígbà ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n jókòó sí etí títì láti òwúrọ̀, àwọn ará àdúgbò sì kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì.

Ọkọ̀ náà kú ní gẹ̀rẹ́ òkè tó kẹ́yìn. Alájì yí ọkọ̀ tirẹ̀ padà sí Kútọnu, ó kó ìlérí rẹ̀ dání. Ẹ fa ọkọ̀ yín padà sí Savalou, kí oṣù yẹn sì tó parí ẹ ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Láti orí òkè yẹn lo ti padà, o kò wá kí wa. Ó ti di ọdún kan àbọ̀ báyìí.

Bàbá rẹ wọlé lọ́jọ́ náà, wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n ní, "Ìṣirò rẹ̀ ni kò pé." Láti ìgbà náà wọn kò dárúkọ ọkọ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé Benuà ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ, mo sì mọ bó ṣe dùn ọ́ tó. Káfíńtà tó ń wọn pákó lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fi ayùn kàn án ni bàbá rẹ. Àwọn ló kọ́ ọ bí a ti ń di rúlà mú, kí o tó mọ orúkọ ara rẹ kọ.

Ó yá, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Èkínní ni pé kí o má ṣe sun ìwé yẹn.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, Atokoligbé là ń gbé, lóko ìyá bàbá rẹ. O mọ bí a ti ń ṣe iṣu tó bá kọ́kọ́ jinná nílẹ̀ wa. A ó tú ẹ̀gbẹ́ ebè, a ó fi ọ̀bẹ gé iṣu náà nísàlẹ̀ orí rẹ̀, a ó sì da erùpẹ̀ padà bo orí àti gbòǹgbò, kí ìtàkùn má bàa kú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, orí yẹn á ta iṣu kéékèèké. Òun ni èbù tí a ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi tú ebè mi àkọ́kọ́, iṣu tí mo bá níbẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Àwọn ìyàwó ilé yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn mi nínú poro. Kí wọ́n má bàa rí i, mo fa gbogbo rẹ̀ tu, àti orí àti ìtàkùn, mo dà á fún ewúrẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ebè tí wọ́n fún mi. Nígbà tí ọdún yí po, gbogbo wọn ní èbù, èmi kò ní. Ọ̀dọ̀ àwọn tí mo sá fún ẹ̀rín wọn gan-an ni mo ti lọ tọrọ. Ìyá ọkọ mi bù fún mi, wọ́n sì sọ pé, "Iṣu kékeré kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ìtìjú rẹ ló jẹ èbù rẹ."

Ṣé o rí i? Kí ọwọ́ rẹ má kan ìwé yẹn. Bí o kò bá fẹ́ wò ó, dì í ránṣẹ́ sí mi, n ó tọ́jú rẹ̀ sáàárín àwọn aṣọ mi. O tilẹ̀ mọ ohun tí Benuà ń fi àwọn bátìrì yẹn ṣe? Ó ń ṣáàjì wọn nílé bàbá rẹ̀, pẹ̀lú àpótí tí ìwọ fi ọwọ́ ara rẹ ṣe, ó ń so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó ń gbé wọn lọ sí Djaloukou. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń gbọ́ rédíò, agbẹ̀bí wọn sì fi ń tan iná. Wọ́n bi í léèrè ẹni tó ṣe àpótí tó fi ń ṣáàjì wọn, ó ní obìnrin kan ni, ọmọ Bantè. Wọ́n ní kó lọ pa irọ́ mìíràn.

Èkejì: má ṣe lọ sí ọ̀nà jíjìn láìfi ojú kan ilé. Èmi náà ti sá rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ ìránṣọ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ìyàwó ọ̀gá iléèwé kan gbé aṣọ olówó iyebíye fún mi láti fi rán bùbá ọdún Kérésìmesì. Mo gé apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Nígbà tí mo rí ohun tí mo ṣe, mo ká aṣọ náà, mo sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá mi ní Djaloukou, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀. Kí n tó padà, àwọn kan ti ní mo ta aṣọ náà ni, àwọn kan ní mo fi rán ti ara mi. Obìnrin yẹn gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ní yóò ṣì tó rán fún ọmọ òun. Ó wá wò mí, ó ní, "Aṣọ kan péré lo bàjẹ́. Sísá tí o sá ló ba orúkọ rẹ jẹ́."

Ẹni tí kò bá sí nílé, ẹlòmíràn ni yóò máa ròyìn rẹ̀. Ní Bantè níbí, ẹnìkan ti ní wọ́n tì ọ́ mọ́lé ní Kútọnu. Aládùúgbò wa tó ń ta ọṣẹ ní o ti fẹ́ òyìnbó kan. Mo ní kó bá mi kí àna mi bó bá rí i. Mo fi í ṣeré, ṣùgbọ́n mo wọ yàrá lẹ́yìn náà, mo sunkún. Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí, Àjọkẹ́. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Kò sí ẹni tó ní kí o mú ọkọ̀ wá.

Ẹ̀kẹta kò gùn. Bí o bá dé Gàbọ́ọ̀nù, máa jẹun, nítorí o máa ń gbàgbé oúnjẹ bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Má fi ìrun jáfara. Wá àwọn ará ilé wa tó wà níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ fi ọkọ há ọ lọ́wọ́ kí o tó tú ẹrù, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ní kí o sùn ná. Iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún ọ lè má tó ohun tí o lè ṣe. Ṣe é dáadáa, má sì jẹ́ kí ó sọ fún ọ pé ibẹ̀ ni agbára rẹ mọ. Kí o sì kọ̀wé sí Benuà. Kò bínú sí ọ. Àwa ló ń bínú sí.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń sá fún ti dé nìyẹn. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn, ara mi ni mo rí.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Benuà gba Bantè kọjá, ó yà kí mi. Mo gbé omi fún un. Mo ní mo gbọ́ pé ìṣirò yín ni kò pé, kí ẹ má banújẹ́. Ọmọ náà gbé ife sílẹ̀ láìmu ún. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ràmátù ní kí n má sọ ọ́ láéláé. Ìṣirò rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Ènìyàn méjì ló ṣe é fún, láìsí ẹrù." Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi ṣe ṣáájú. Nígbà tí mo gbọ́ pé Savalou lẹ ó ti gbéra, mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọkọ̀ ọmọ wa wọ Bantè lófìfo. O mọ ilẹ̀ wa. Ta ló ń ti Savalou bọ̀ lásìkò iṣu tí ọkọ̀ rẹ̀ á ṣófo? Kí àwọn ènìyàn dúró sí etí títì, kí ọkọ̀ dé, kí wọ́n má rí ohun kankan sọ̀ kalẹ̀? Ìtìjú ni mo pè é. Mo fẹ́ kí ó yẹ ọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kó ogójì iṣu sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ. Wọ́n wọlé fúnra wọn, wọ́n sì pe ọ̀rẹ́ wọn kan mọ́ra, ara àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe fífúyẹ́. Benuà ní o kúnlẹ̀, o rọra ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ yìí kò lè gbé ẹrù." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọkọ̀ wo ni kì í gbé iṣu? Ìyá rẹ ló ní kí n kó o." Benuà ní nígbà tí o gbọ́ pé èmi ni, o dìde lórí ìkúnlẹ̀. O ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn, o wakọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ kú lórí òkè, Alájì sọ̀ kalẹ̀, ó bi ọ́ léèrè níṣojú gbogbo wọn pé kí ló dé. Iṣu wà níbẹ̀ tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí òun mọ̀, iṣu kì í pa ọkọ̀, kò sì fura. Ìwọ kò na ìka sí iṣu, o kò na ìka sí àgbà. O ní, "Ìṣirò mi ni kò pé." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ yẹn náà ló dé etí bàbá rẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi bá ọkọ̀ mìíràn dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ogójì iṣu. Bí mo bá ní n kò fura, irọ́ ni mo pa. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ iṣu yẹn kalẹ̀, n kò sì bèèrè. Mo pín in fún àwọn tó ti dúró sí etí títì. A gún un, a jẹ ẹ́, a sì ń káàánú rẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo wà lọ́jà, ọwọ́ mi ló sì tẹ orí náà.

Dárí jì mí, Ràmátù. Mo bẹ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe lè bẹ àgbà.

Mo dúpẹ́ fún ọ̀wọ̀ tí o bọ̀ fún mi. Mo ń fi í yangàn nínú ọkàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kẹrin nìyí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: kọ́ bí a ti ń sọ pé rárá fún àwa àgbà. Ẹni tó mọ ohun tí ọkọ̀ lè gbé ni àgbà nídìí ọkọ̀, ì báà jẹ́ ọmọ àná. Kúnlẹ̀ sọ ọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n má dìde lórí ìkúnlẹ̀ yẹn títí wọn yóò fi kó iṣu wọn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ì bá bínú títí di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà wọn ì bá gbàgbé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o tún ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tìrẹ nítorí wa mọ́. Àmín.

Ó ku ohun kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ Benuà mì, nítorí ojú bàbá rẹ ń tì mí. Lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo mọ̀ pé n kò lè kọ èsì kankan tó máa mọ́ bí n kò bá tíì sọ fún wọn. Lánàá, nígbà tí wọ́n ti ìrun Jímọ́ọ̀ dé, mo bá wọn ní ìdí iṣẹ́ wọn, níbi tí wọ́n ti ń fá ilẹ̀kùn kan. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì dárúkọ ara mi.

Wọn kò bínú bí mo ṣe rò. Wọ́n bi mí pé iṣu mélòó ni. Mo ní ogójì. Wọ́n ní ṣé ńlá ni àbí kékeré, mo ní ẹ̀gbọ́n mi kì í ra kékeré. Wọ́n ní ènìyàn mélòó ló wà níbẹ̀ lápapọ̀, orí òkè wo gan-an ló sì ti dúró. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí pákó, wọ́n rò ó, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un rò. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé ojú sókè.

Wọ́n ní, "Nígbà náà, ìṣirò rẹ̀ pé."

Wọ́n fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀, wọ́n jáde láìwọ bàtà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gba atẹ́gùn ni, mo sì tẹ̀ lé wọn. Àṣé ilé àwọn tó dúró pẹ̀lú wa ní etí títì lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń yà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ilé kẹta, mo dúró lẹ́yìn ògiri, mo gbọ́ wọn tí wọ́n ń sọ pé, "Ogójì iṣu, obìnrin sísanra méjì kún èrò rẹ̀, ọkọ̀ náà sì tún gbé wọn dé gẹ̀rẹ́ òkè wa. Ọmọ mi ló ṣe é."

Èmi ni ìyá rẹ, tó ní kí wọ́n kó iṣu,
Àlímọ̀tù.